Bàbá Rọra àti Àwọn Òkúta Pupa

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì lẹ́yìn tí ogun parí ni Aránṣọ àti ọkùnrin tí ó wá di ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pàdé, ṣòkòtò ni ó sì mú wọn pàdé. Nígbà náà, Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Yàrá kékeré kan ni ó gbà lẹ́bàá ọ̀nà, láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti ti ẹni tí ń ta ìṣó àti páànù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè máa rí ìmọ́lẹ̀ lò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ ogun gíga kan tẹ orí ba kí ó tó lè wọlé, ó gbé ìdì ṣòkòtò kan lé orí tábìlì, ó sì ní kí wọ́n bá òun lẹ̀ wọ́n.

Aránṣọ tú ìdì náà. Ó gbé ṣòkòtò àkọ́kọ́ sókè, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti já. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni. Ó gbé gbogbo wọn wò títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ìdì náà. Ìdí ṣòkòtò le koko, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún gbogbo wọn ti di ajere.

“Ẹ̀gbọ́n ológun,” ni ó wí, “ẹ má bínú o. Ṣé orúnkún lẹ fi ń rìn ni?”

“Nígbà míì,” ni ọkùnrin náà dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aránṣọ wà ní igun yàrá, ó ń ran bọ́tìnnì. Ó gbọ́ ohun gbogbo, kò sì sọ̀rọ̀ títí ọmọ ogun náà fi jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Ṣé o rí nǹkan tí mo rí? Ọmọ ogun tó ń gbàdúrà tó báyìí! Títí orúnkún ṣòkòtò fi já! Ọmọ mi, irú èyí kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.”

Nígbà tí ọmọ ogun náà padà wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ìyá ti tọ́jú àga dè é. Ó súre fún un, ó sì bi í léèrè bóyá òwúrọ̀ ni ó máa ń gbàdúrà jù ni àbí ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wá ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé òun wà lára àwọn tí ń wú bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀tá rì mọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀nà àti inú oko, àti pé lórí ikùn àti orúnkún ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìyá mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ìwọ máa kúnlẹ̀ lọ, àwa á máa bá ọ gba àdúrà yẹn.”

Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe kò ní ariwo nínú, bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi kà á sí iṣẹ́ ogun. Nígbà tí àwọn yòókù ń yan ní ìlà, tí fèrè ń dún níwájú wọn, ilẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àyà wọ́. Ohun èlò rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Kì í gún abẹ́rẹ́ náà wọlẹ̀ lóòró, nítorí pé orí ni bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń gbà wá a, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tí ó sùn. Bí abẹ́rẹ́ bá kan ohun líle, yóò fi ìka hú iyẹ̀pẹ̀ kúrò títí ohun náà yóò fi fojú hàn.

Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni iwájú ni ó ń fi abẹ́rẹ́ wá ilẹ̀; ẹni ẹ̀yìn ni ó ń gbé agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Òkúta pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá. Bí ẹni iwájú bá ti wá ibìkan tán, ẹni ẹ̀yìn yóò kun ojú òkúta tí ó kọ sí ọ̀nà ní funfun, yóò sì fi ojú kejì sílẹ̀ ní pupa. Funfun níhà ọ̀nà, pupa níhà ewu. Òfin wọn kò sì ní àwíjàre: a kì í kun òkúta ní funfun bí abẹ́rẹ́ kò bá tíì wọ ilẹ̀ ibẹ̀, a kì í sì í ré òkúta pupa kọjá, ẹni yòówù kí ó gbé e síbẹ̀.

Ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́dà ni ó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu Ọlọ́dà kì í sinmi. Òun ni ó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọrọ Aránṣọ. Ó wọ aṣọ tí ó mọ́, ó fọ bàtà, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun ṣì wà létí rẹ̀ ọ̀tún.

“Ìyàwó wa,” ni ó wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún ọ̀rẹ́ mi. Látàárọ̀ dalẹ́, ìdí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ẹ wá bá mi máa wo iwájú rẹ̀.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yanjú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ni ikú Ọlọ́dà dé. Pápá tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ Aránṣọ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibà dá a dúró sórí ibùsùn, ẹlòmíràn ni ó ń wá ilẹ̀ níwájú. Bọ́ǹbù kan ṣoṣo ni, ó sì gbé àwọn méjèèjì lọ. Kí ara ọkọ Aránṣọ tó dá, ikọ̀ mìíràn ti wá parí iṣẹ́ pápá náà. Wọ́n wá a láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí ńlá kan kalẹ̀ ní àárín rẹ̀, tí wọ́n fín orúkọ àwọn tí ó kú sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbá a ti di ìyá àti bàbá, ọmọ wọn ni ó ń gbá a lónìí. Ilẹ̀ náà mọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ Aránṣọ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó gbé tábìlì kékeré kan sí igun ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó ń tún aago ṣe. Aago tí àwọn mìíràn ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò tún máa rìn. Rọra ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn, a ní rọra. Bí ọmọ bá ń sáré lọ mu omi, a ní rọra. Nígbà tí Aránṣọ ń rọbí àkọ́bí wọn, òun nìkan ni ó gbójú sọ fún obìnrin tí ń gbẹ̀bí pé kí ó rọra, wọ́n sì tì í jáde. Bàbá Rọra ni gbogbo àdúgbò wá ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n kì í tẹ koríko. Bí ọ̀nà ọ̀dà tí mọ́tò ń gbà bá gùn ju ọ̀nà inú koríko lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀nà ọ̀dà ni yóò gbà, Aránṣọ yóò sì máa bú u bí wọ́n bá ti ń lọ: “Ẹ jẹ́ ká tún gba ìlú kejì kọjá, ó kúkú sún mọ́ ilé!” Nígbà ìgbéyàwó àkọ́bí wọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ayàwòrán kó gbogbo ẹbí sórí koríko iwájú gbọ̀ngàn. Bàbá ìyàwó dúró sórí símẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà, kò sì yẹsẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ìyá ìyàwó tóbi, ọkọ ìyàwó tóbi, bàbá ìyàwó kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Bí àlejò bá bi Aránṣọ léèrè ẹni tí ó wà lókèèrè yẹn, a ní, “Ẹni tó ni wá ni. Ẹ má wulẹ̀ pè é, kò ní wá.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe ní àyájọ́ òpin ogun lọ́dọọdún. Yóò dán bàtà rẹ̀ títí ènìyàn yóò fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Yóò wọ aṣọ ológun tí Aránṣọ ti lọ̀, yóò so àmì-ẹ̀yẹ mọ́ àyà, yóò sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan lórí ọ̀dà títí dé ẹnu géètì pápá. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí. Àwọn yòókù a wọlé, wọn a gbé òdòdó sí ẹsẹ̀ òkúta, wọn a padà wá bá a, wọn a sì jọ lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó tún ń bi í léèrè ohun tí ó dé.

Ní ọdún tí a ń sọ yìí, Sájẹ́ńtì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ńtì ni ó ń darí ètò àyájọ́ láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Kò jókòó.

“Ọmọ ogun,” ni ó wí, “nínú gbogbo àwọn tó bá àwọn tó wà lára òkúta yẹn ṣiṣẹ́, ó ku ìwọ nìkan. Ta ni kí n gbé òdòdó fún lọ́dún yìí? Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa tí kò mọ̀ wọ́n rí?”

Bàbá Rọra kò gbé ojú kúrò lára aago tí ó ń tún ṣe. “Èmi ni màá gbé e.”

Ẹ̀rọ Aránṣọ dúró lójijì. Sájẹ́ńtì wo obìnrin náà bí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun jẹ́rìí, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ó ti tán,” ó sì yára jáde kí Bàbá Rọra má baà yí ọkàn padà.

“Bàbá ọmọ mi,” ni Aránṣọ wí, “ẹ mọ̀ pé koríko ló wà níbẹ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Koríko tútù? Láti géètì títí dé òkúta?”

“Aránṣọ, mo ní mo mọ̀.” Ó gbé ìrinṣẹ́ sílẹ̀. “Gbogbo ayé ló ti kí Ọlọ́dà tán. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń lọ kí i. Èmi nìkan ni mi ò tíì débẹ̀. Bí mo bá tún fi tọdún yìí sílẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá orúnkún mi á ṣì gbé mi lámọ́dún?”

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti mọ ọkọ rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Rọra ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ tuntun. Koríko díẹ̀ hù sí ìdí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Ní àràárọ̀, yóò di ògiri mú, yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé e, yóò gbé e kúrò. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé méjèèjì lé e. Aránṣọ a máa yọjú láti fèrèsé, a ní, “Ẹ káre! Bí ẹ bá rìn dọ́la, màá ra bàtà fún yín.” Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò ní fèrèsé, a máa fi etí aṣọ nu ojú. Kí ọjọ́ tó pé, ọkọ rẹ̀ ti lè dúró lórí koríko náà láìdi ohunkóhun mú, kí ó sì máa fọ ẹnu rẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú àyájọ́ ni wọ́n ṣe ìdánrawò. Àwọn ọ̀dọ́ ológun tí wọ́n rán wá tò sí ìhà kan, àwọn arúgbó tò sí ìhà kejì. Aránṣọ àti nọ́ọ̀sì, àkọ́bí rẹ̀, dúró sí ẹ̀bá géètì. Sájẹ́ńtì pàṣẹ, Bàbá Rọra gbé òdòdó tí wọ́n fi dánra wò dání, ó yan dé ẹnu géètì, ó yan kọjá géètì, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé koríko. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè láti wo ọ̀nà, ó sì dúró.

Kò mira. Ó fún òdòdó mọ́ àyà.

“Tẹ̀ síwájú!” ni Sájẹ́ńtì wí.

Ọ̀dọ́ ológun kan rọra sọ fún èkejì, síbẹ̀ ó hàn sétí, “Bóyá bátìrì Bàbá ti kú.”

“Bátìrì ẹnu rẹ ni kò níí kú,” ni Aránṣọ dá a lóhùn, “òun ló ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ kí orí tó bẹ̀rẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ọkọ rẹ̀. Ó tẹ̀lé ibi tí ojú rẹ̀ ń wò, ó sì rí ohun náà. Láti géètì títí dé òkúta ìrántí, wọ́n to àwọn òkúta kéékèèké sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà, wọ́n sì kun gbogbo wọn ní pupa yòò. Aránṣọ ká ọwọ́ lérí.

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó fẹ́ràn kí nǹkan lẹ́wà, sáré wá. “Ìyá, ṣé ara Bàbá ò yá ni? Ṣé ká gbé àga wá?”

“Ta ló kun òkúta yìí?”

“Àwa ni, mà. A fẹ́ kó yọ dáadáa lára koríko nínú fọ́tò ni. Ṣé kò dáa ni, mà?”

“Ó dáa jù,” ni Aránṣọ wí. “Ọmọ mi, ẹ ò mọ̀ ni. Nínú iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé.” Ó sì ṣàlàyé ìtumọ̀ pupa àti funfun fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀. Ogun ti parí kí wọ́n tó bí i.

Nọ́ọ̀sì ti di bàbá rẹ̀ mú padà sórí ọ̀dà. Sájẹ́ńtì wá bá wọn, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Ọmọ ogun, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bó bá dọ̀la tí o ò lè wọlé, èmi ni màá gbé òdòdó yẹn. Mi ò lè fi òkúta wọn sílẹ̀ lásán.”

“O ò ṣẹ̀,” ni Bàbá Rọra wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wí, “ọ̀dà funfun wà nínú yàrá ohun èlò wa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ẹ̀ á ti funfun.”

Bàbá Rọra mi orí. “Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ọ̀dà kọ́ ló ń sọ ilẹ̀ di funfun. Ẹni tó bá kun òkúta láì wá ilẹ̀, ikú ló kun ní àtíkè.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá ilẹ̀ yìí, Bàbá,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Orí mi mọ̀. Mo ti bá ẹsẹ̀ mi sọ ọ́, ó ní òun ò sí níbẹ̀.”

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohùn Aránṣọ ni ó wá dún, líle, bí ìgbà tí ó bá ń bá oníbàárà tí ó fẹ́ gba aṣọ ṣáájú ọjọ́ sọ̀rọ̀.

“Ǹjẹ́, kí ẹ wá ilẹ̀ yín.”

“Kí n wá kí ni?”

“Ilẹ̀. Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ yín lábẹ́ ibùsùn wa ni? Mo ti ń gbálẹ̀ kọjá lára rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilé yín. Ẹ lọ mú un wá.”

“Aránṣọ, ẹnì kan kì í ṣe é. Ẹni méjì ni.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?”

Bàbá Rọra wo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. “Bí ewúrẹ́ lo ṣe ń rìn. O ò ní sùúrù. Ẹni ẹ̀yìn kì í gbé ẹsẹ̀ síbi tí ẹni iwájú ò tíì fọwọ́ kàn.”

“Ìdí yín nìkan ni mo máa tẹ̀lé. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ò ní ohun mìíràn tí ẹ lè fi han ẹni ẹ̀yìn.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín sá wá sẹ́nu Bàbá Rọra.

Lẹ́yìn tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá Rọra bọ́ aṣọ àyájọ́, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó sì dojú bolẹ̀ ní ẹnu géètì. Abẹ́rẹ́ wọ inú koríko láti ẹ̀gbẹ́, ó jáde, ó tún wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà, ó so ìró rẹ̀ mọ́ra dáadáa, ó ń dúró de àṣẹ.

“Ọ̀tún,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó kun ojú òkúta ọ̀tún ní funfun.

“Òsì.” Ó kun tòsì.

“O ń fi ọ̀dà ṣòfò.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rà á ni?”

Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Aránṣọ panu mọ́ kí ó má baà dí i lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró.

“Ṣé o wà lẹ́yìn mi?”

“Mo wà ńbẹ̀.”

“Máa sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́. Ọlọ́dà kì í dákẹ́. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé gbogbo ibi tí mo ti kọjá dáa.”

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ da agolo nù. “Gbogbo ayé mi nínú ilé yín, ẹ̀ ń ní kí n dákẹ́. Kí n dákẹ́ kí ẹ lè gbọ́ aago, kí n dákẹ́ kí ẹ lè gbọ́ rédíò. Ìsinsìnyí tí koríko ń jẹ mí lórúnkún lẹ wá ń bẹ̀ mí?”

“Mo ń bẹ̀ ọ́.”

Nígbà náà ni Aránṣọ tú àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìhanrun ọkọ rẹ̀, ó ní ilé kejì ti fi ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Ó kọjá sórí bàtà tí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ jù nù, ó bọ́ sórí fọ́tò ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì, ó sọ ti ẹni tí ń ta ìṣó tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ kí ọmọ ogun onírọra tó dé. “Bí mo bá fẹ́ ẹ ni, màá ti kọ́lé. Ìṣó ọ̀fẹ́, páànù ọ̀fẹ́!” Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ń mì tìtì pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde.

Wọ́n ti kọjá ìdajì ọ̀nà nígbà tí abẹ́rẹ́ kan irin. Ohùn rẹ̀ kò ju kékeré lọ, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

“Má mira,” ni Bàbá Rọra wí.

Aránṣọ di bí igi. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń kán ọ̀dà sórí koríko. Ó mọ̀ pé ọmọdé ti sáré kọjá níbẹ̀ lónìí yìí. Ó mọ̀ pé kò lè jẹ́ ohun tí ó rò. Síbẹ̀, kò gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò. Nígbà náà ni ó wá mọ̀, nínú egungun rẹ̀, ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń bọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé àtijọ́ wọ̀nyẹn, nígbà tí ó bá wọlé tí yóò sì béèrè omi bí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ lásán dé.

“Kí ló dé tó o dákẹ́?” ni ọkọ rẹ̀ béèrè, láìwẹ̀yìn. “Ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kan irin gan-an ni mo nílò ọ̀rọ̀ rẹ jù.”

“Ẹni… ẹni tó ń ta ìṣó yẹn,” ni Aránṣọ wí, “ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn.”

Bàbá Rọra fi ìka hú iyẹ̀pẹ̀. Ó hú u pẹ̀lẹ́, ó fẹ́ eruku kúrò, ó sì fà á yọ. Síbí ni. Síbí ọmọ ilé-ìwé tí ó ti dógùn-ún, tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Ó gbé e sókè fún ìyàwó rẹ̀ láti rí. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ní láti dùbúlẹ̀ gbalaja ní àárín ọ̀nà, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì sì rò pé nǹkan ti ṣe àwọn àgbà náà.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí wọ́n dé iwájú òkúta ìrántí. Sájẹ́ńtì ti dé. Ó dúró sí géètì, ó ṣí fìlà mọ́wọ́, kò sì pariwo rárá. Aránṣọ kun òkúta tí ó gbẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn: ọ̀nà funfun tẹ́ gbọọrọ láti ibi tí ó wà dé géètì, kò tọ́ tán, ọ̀dà sì ti kán síbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n ó rò pé òun kò tíì rán ohun tí ó wu òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí orúkọ Ọlọ́dà, ó sì fà á padà kí ó tó kàn án.

“Ó di ọ̀la,” ni ó wí. “Màá wọ aṣọ wá kí i.”

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé òdòdó, ó sì yan wọlé. Kò wo ilẹ̀. Láti géètì, ní àárín àwọn òkúta funfun, ó yan bí ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sì dúró títí ó fi dé iwájú òkúta. Wàhálà dé nígbà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé òdòdó kalẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tí ó ti fi wọ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ti gan pátápátá. Ó gbìyànjú, kò ṣẹ́. Fèrè ti dún tán, ó ń dúró. Sájẹ́ńtì, ẹni tí kò fi ìlà sílẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, jáde kúrò nínú ìlà, ó lọ di igunpá rẹ̀ mú, àwọn arúgbó méjèèjì sì jọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń ti èkejì, títí òdòdó fi fara kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò dé etí ẹnikẹ́ni, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí ó padà dé géètì, nọ́ọ̀sì ti ń dúró dè é pẹ̀lú òróró ìfọwọ́ra àti ìbínú. Aránṣọ kò bínú. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ẹ rìn dáadáa. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Láti ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, àwọn méjèèjì máa ń rìn lọ kí Ọlọ́dà ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Rọra níwájú, Aránṣọ lẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Bàbá Rọra kò tíì tẹ koríko mìíràn. Ọ̀nà kan yẹn nìkan ni ó gbà. Ọ̀gá ilé-ìwé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún àwọn òkúta náà kùn. Ṣùgbọ́n pápá náà ṣì jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, àwọn tí ń gbá a sì máa ń mú òkúta méjì-méjì láti fi ṣe ilé góólù. Kò burú, Ọlọ́dà ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá mú òkúta níbẹ̀ láti fi ṣeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ sì kọ ojú funfun rẹ̀ sí ọ̀nà.